Ìyàwó Tó Kẹ́yìn Wọ Agboolé Wa

Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ nínú kórópe ní Lakowe, tí ẹ gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà tí àwọn olówó ti ń gbá gọ́ọ̀fù, tí ẹ sì kọrí sí ìhà ọ̀sà, ẹ ó kan agboolé kan tó ní yàrá mọ́kànlá. Èèyàn méjì péré ló ń gbé inú rẹ̀ báyìí. Títí di oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, mẹ́ta ni wọ́n. Ẹnìkẹta wọn ni Màmá, ìyá tó bí bàbá mi. Àlejò tó bá yà síbẹ̀ láàárọ̀, tó rí arúgbó tó tẹ̀ bí ọrun, tó ń gbá ojúde, á rò pé ìyá onílé lòun rí. Kì í ṣe ìyá onílé. Ìyàwó ni. Ìyàwó tó kéré jù nínú ilé ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àádọ́rin ọdún tó fi wà lórí oyè náà.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nínú agboolé mọ bó ṣe ń lọ. A kì í ka ọjọ́ orí fún ìyàwó. Ọjọ́ tó wọlé ni à ń kà. Ẹnikẹ́ni tó bá ti wà nílé kí ó tó dé, ọkọ rẹ̀ ni, ì báà ṣe ọmọ ọwọ́. Ìyàwó tó kẹ́yìn dé ló ń gbálẹ̀, òun ló ń pọnmi, òun ló ń gbé oúnjẹ síwájú àgbà, títí ìyàwó mìíràn yóò fi wọlé tẹ̀lé e, tí yóò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá retí ìyàwó yẹn. Ìyàwó wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe Lakowe ni wọ́n wọ̀. Ajégúnlẹ̀ ni ìyá mi wọ̀. Ìlú òyìnbó ni ìyàwó àbúrò bàbá mi wọ̀. Bọ́sẹ̀, ìyàwó tèmi, Thomas Estate ló wọ̀, ibẹ̀ ló ti ń ránṣọ. Wọ́n á wá sílé lọ́jọ́ ọdún, wọ́n á gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ Màmá, wọ́n á gbá ìwọ̀nba tí yóò hàn nínú fọ́tò. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, mọ́tò á gbé wọn lọ.

Mo bi í nígbà kan bóyá inú ń bí i sí àwọn ìyàwó yìí. Ìrẹsì ló ń ṣà lọ́wọ́, kò dáwọ́ dúró.

"Ilé ni kò gbé ìyàwó mọ́, Àjàní," ó ní. "Ẹ̀yin ọmọ lẹ ń gbé e."

Àwọn ọkọ tó kù fún un jẹ́ méjì. Obìnrin ni àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n bàbá mi àgbà, olóògbé tó fẹ́ Màmá gan-an. Kí ó má yà yín lẹ́nu. Lójú ìyàwó, ọmọ ilé, lọ́kùnrin lóbìnrin, ọkọ ni gbogbo wọn. Ìyàwó kò sì gbọdọ̀ pe ọkọ lórúkọ, àfi kí ó fún un ní orúkọ mìíràn tí yóò máa pè é. Màmá sọ obìnrin yìí ní Eyínfúnjowó, nítorí bí eyín rẹ̀ ṣe funfun tó nígbà náà. Ìyá ni àwa ọmọ ń pè é. Eyínfúnjowó padà sílé bàbá rẹ̀ nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú. Ọmọ tó bí kò yè. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún báyìí, ojú rẹ̀ ti fọ́, ó sì ti tó ọdún mẹ́fà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ti gbé e mọ́. Màmá ló ń bọ́ ọ, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń yí i láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì kí egbò má bàa dá sí i lára. Eyín méjì ló kù lẹ́nu rẹ̀. Mo ní kí Màmá yí orúkọ padà.

"Owó gan-an kò níyì mọ́," Màmá ní. "Eyín méjì yẹn ṣì funfun jù ú lọ."

Ọkọ kejì ni Bàbá Àkànbí, àbúrò wọn tó kẹ́yìn pátápátá, tí ìyá tiwọn yàtọ̀. Oṣù mélòó kan ṣáájú kí Màmá tó wọlé ni wọ́n bí i. Lọ́jọ́ tí ìyàwó dé, bí wọ́n ṣe bu omi sí i lẹ́sẹ̀ tán ni wọ́n gbé ọmọ lé e lẹ́yìn kí òun náà lè rí tirẹ̀ pọ̀n. Bàbá Àkànbí ni ọmọ náà. Ibẹ̀ ló ti gba orúkọ. Ọkọ Orí Ẹ̀yìn.

Ọkọ Orí Ẹ̀yìn pẹja lọ́sà títí, ó ṣọ́ géètì ẹ́síteètì kan fún ọdún bí méjìlá, ìyàwó rẹ̀ kú, àwọn ọmọ rẹ̀ kó lọ sí Ajah. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti di òwú. Síbẹ̀, bí ó bá yọ ní yàrá láàárọ̀, Màmá á kúnlẹ̀. Nígbà tí orúnkún kọ̀ fún un, ó ń fi ọwọ́ kan ilẹ̀.

"Ọkọ Orí Ẹ̀yìn, ẹ kú ìjí o."

"Ìyàwó wa, ẹ kú ìjí. Ṣé oúnjẹ ti ń bọ̀?"

Àwọn méjèèjì ló ń fi ẹ̀yin bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bàbá Àkànbí ń bọ̀wọ̀ fún ọjọ́ orí, Màmá ń bọ̀wọ̀ fún ilé. Ṣùgbọ́n nígbà tí àṣẹ bá pọ̀ jù, tí Bàbá Àkànbí bá ní ọbẹ̀ kò ní ata tó, tó ní omi ìwẹ̀ òun ti tutù, Màmá á rọra sọ ọ́ fún ìkòkò tó wà lórí iná, kò ní gbójú sókè: "Ẹni tó ti tọ̀ sí mi lẹ́yìn rí ni ọ̀gá mi." Bàbá Àkànbí á yí ojú sí ọ̀sà, á máa pa ẹ̀rín mọ́nú.

Wọ́n máa ń jà o. Ìjà wọn kì í pariwo. Ìgbà kan wà tí Màmá se ìkọ́kọrẹ́, ó kọ́kọ́ bu fún Eyínfúnjowó nítorí ìyẹn ti ń ké pé ebi ń pa òun. Bàbá Àkànbí ní wọ́n fi òun, ọkùnrin kan ṣoṣo tó kù nínú ilé, ṣe ẹ̀yìn. Kò jẹun Màmá fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Búrẹ́dì àti ẹ̀pà ló ń jẹ. Màmá kò bẹ̀ ẹ́, kò sì fi oúnjẹ rẹ̀ dù ú. Ó ń bu ú síbi tó máa ń jókòó, á gbé e kúrò bí ilẹ̀ bá ń ṣú, á tún bu tuntun lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹwàá ni bàbá jẹun. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fọ ọwọ́, ó ní, "Iyọ̀ pọ̀." Màmá ní, "Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo ti ń kó o jọ."

Ẹ wá wo obìnrin yìí kan náà lọ́jọ́ Ìsinmi. Ìjọ aláṣọ funfun ni, etí ọ̀sà ni ilé àdúrà wọn wà, ìyá ìjọ sì ni níbẹ̀. Ó ń rìn lọ láìwọ bàtà, aṣọ rẹ̀ á funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, àwọn tó ń gbé ẹ́síteètì á fi jíìpù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á kúnlẹ̀ kí ó gbàdúrà lé wọn lórí. Ọ̀kan nínú wọn gbé e wálé lọ́jọ́ kan. Kò tíì bọ́ sílẹ̀ tán tí Bàbá Àkànbí fi ké láti inú yàrá pé, "Ìyàwó, omi dà?" Màmá dáhùn, ó ká etí aṣọ funfun sókè, ó ń lọ sídìí àmù omi. Ọ̀gbẹ́ni yẹn dúró bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin ni wọ́n ń rán báyìí?"

"Ọlọ́run fi mí ṣe ìyá lọ́hùn-ún," ó ní. "Ilé yìí fi mí ṣe ìyàwó. Ẹ jẹ́ kí n ṣe méjèèjì tán."

Kì í ṣe ilé wa nìkan ló rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo abúlé ló dàgbà pọ̀. Ilẹ̀ lọ fún ẹ́síteètì, àwọn ọmọ sì bá iṣẹ́ lọ, ẹni tó lọ Ajah kò padà, ẹni tó lọ Awoyaya kò jìnnà ṣùgbọ́n òun náà kò padà. Alága ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ abúlé wa ń tẹ ọ̀pá, mi ò ṣàwàdà. Ọdún kan, igbó bo ọ̀nà tó lọ sí etí ọ̀sà, wọ́n pe ìpàdé. Baálẹ̀ ní kí àwọn ọ̀dọ́ dìde kí wọ́n lọ ṣán an. Gbogbo wọn jókòó, wọ́n ń wo ara wọn, oníkálukú ń dúró de ọmọ ẹlòmíràn. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, èmi gan-an ń wo aago kí n má bàa pẹ́ délé. Màmá ló dìde, ó fa àdá yọ lábẹ́ ìjókòó rẹ̀. Ó ti mú un bọ̀ láti ilé.

"Ẹ má retí ọmọdé mọ́," ó ní. "Àwa la jẹ́ ọmọdé."

Bàbá mi ti ṣáájú rẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ̀yìn Màmá di ohun tí èmi gbọ́dọ̀ ronú sí. Nọ́ọ̀sì tó ń wò ó sọ fún mi pé egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń jẹrà, pé bí ó bá ń tẹ̀ báyìí, tó ń gbé àgbàlagbà láti ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, ọjọ́ kan ló máa ṣubú tí kò ní dìde. Mo sọ fún un. Mo sọ ọ́ títí. Mo ní yàrá wà ní Thomas Estate, Bọ́sẹ̀ ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Gbólóhùn kan ló ń fi ń dá mi lóhùn: "Ta ni n ó fà á lé lọ́wọ́?" Kì í ṣe ìgbálẹ̀ ló ń sọ. Eyínfúnjowó ló ń sọ.

Mo wá obìnrin kan tí yóò máa gbé lọ́dọ̀ wọn, mo sì mú Màmá lọ sí Thomas Estate pé kó wá fi ọ̀sẹ̀ kan sinmi. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò. Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí n tó jí, ó ti gbá iwájú ilé wa, ó ti gbá ti ará ẹ̀gbẹ́, ó ń lọ sí ti ẹnìkẹta. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, ó ń bẹ̀ ẹ́: "Màmá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n á ní èmi ni mo ń rán yín." Màmá bi í ọdún wo ló dé ẹ́síteètì. Ó ní ọdún kẹta rèé. "Ẹ̀gbọ́n mi ni yín níbí," Màmá ní. "Àná ni mo dé."

Àárọ̀ ọjọ́ kẹrin ni Bàbá Àkànbí pè mí. Ohùn rẹ̀ kéré.

"Àjàní, ẹ dá ìyàwó wa padà."

"Kí ló ṣẹlẹ̀, Bàbá?"

"Obìnrin yẹn ti lọ. Láti ìjẹta. Ó ní iṣẹ́ náà wúwo jù."

"Ta ló wá wà lọ́dọ̀ Ìyá?"

"Èmi ni. Mo wà lójú fèrèsé."

Mi ò lóye rẹ̀ títí a fi débẹ̀. Ó ti gbé àga sí ìta, sábẹ́ fèrèsé yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, níbi tí orí bẹ́ẹ̀dì kan ògiri. Láti ìjẹta, ibẹ̀ ló ń jókòó sí, ibẹ̀ ló ń sùn sí. Ó ń na búrẹ́dì sí i láti ojú fèrèsé, ó ń na omi sí i, ó ń bá a sọ̀rọ̀ kí ó má bàa rò pé wọ́n ti gbàgbé òun. Ó sọ fún un nípa ẹja tí wọ́n pa nígbà èwe wọn, ó kọ orin ìjọ. Kò wọlé. Ìyá wà lórí ìtọ̀ ara rẹ̀ fún ọjọ́ méjì, egbò ti là sí ìbàdí rẹ̀, àbúrò rẹ̀ sì wà ní ìwọ̀n apá kan sí i, ó ń sunkún, kò wọlé.

Mo ti la ẹnu láti bú u. Ó ti mọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Aṣọ ti tú lára rẹ̀. Kí ni mo fẹ́ wọlé lọ wò?"

Kò sí nínú wa tó lè sọ pé irọ́ ló pa. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn.

Màmá kò bú u. Kò tilẹ̀ tú gèlè. Ó gbé omi kaná, ó wọlé, ó ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀. A dúró sí ojúde, Bọ́sẹ̀, èmi àti bàbá. Nígbà tó yá, ó ké láti inú yàrá, "Ọkọ Orí Ẹ̀yìn, ẹ wọlé." Bàbá Àkànbí kò mira. Ó tún ké e. Bàbá ní, "Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́."

Màmá yọ sí ẹnu ọ̀nà. Ó nàró, bó ṣe lè nàró mọ.

"Àkànbí," ó ní, "wọlé."

Mi ò gbọ́ ọ rí. Bàbá mi kò gbọ́ ọ rí títí ó fi kú. Àádọ́rin ọdún, kò pe orúkọ yẹn, àní nínú àdúrà, Ọkọ Orí Ẹ̀yìn ló ń pè é níwájú Ọlọ́run. Bàbá Àkànbí wò ó bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá níbi tó ti ń ṣe ohun tí kò dáa. Ó bọ́ fìlà. Ó wọlé.

Eyínfúnjowó gbọ́ ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa aṣọ mọ́ra. "Rárá o. Ṣé Àkànbí ni yóò wá rí mi báyìí? Ìyàwó, ẹ lé e jáde."

"Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi," Màmá ní, ó dì í lọ́wọ́ mú. "Nígbà tí wọ́n bí i tí ara ìyá rẹ̀ kò yá, ta ló ń wẹ̀ ẹ́?"

Ìyá dẹ́kun fífa aṣọ.

"Ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi. Ẹni tí ẹ wẹ̀ ló ń wẹ̀ yín."

Ó wá kọ́ ọ, níṣojú wa. Ó da ìró bo Ìyá láti ọrùn dé ẹsẹ̀, ó ní kí bàbá ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú kànìnkànìn, kí ó máa wẹ̀ ẹ́ láìká aṣọ kúrò lára rẹ̀. Ó fi bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ọwọ́ sábẹ́ èjìká àti itan hàn án, kí wọ́n tó yí àgbàlagbà. Bàbá kò mọ ibi tí òun yóò wò. Màmá gbá a ní àgbọ̀n díẹ̀, ó yí ojú rẹ̀ kúrò. "Ojú sí ògiri," ó ní, "ọwọ́ sí iṣẹ́."

Bí iṣẹ́ ìyàwó ṣe dé ọwọ́ ọkọ nílé wa nìyẹn. Màmá kò wá sí Thomas Estate mọ́, èmi náà kò sì bẹ̀ ẹ́ mọ́, nítorí ó jókòó. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mo dé ilé bá a lórí àga láàárọ̀. Ọdún kan àti oṣù díẹ̀ ló fi jókòó bẹ́ẹ̀, tó ń wo Bàbá Àkànbí tó ń po ògì, tó ń sọ fún un pé ó ki jù, tó ń sọ fún un pé ó ṣàn jù. Kò tún pè é lórúkọ mọ́. Nígbà tí bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀, kí ojúmọ́ tó mọ́ ló ń gbá a, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i. Màmá ní, "Ọkọ Orí Ẹ̀yìn, ẹ sùn dáadáa. Ilẹ̀ kì í bèèrè ẹni tó ń gbá a."

Lórí àga yẹn ló kú sí, lọ́sàn-án, lẹ́yìn oúnjẹ. A sin ín sí ilé àdúrà wọn létí ọ̀sà.

Lọ́jọ́ kẹjọ, ìdílé jókòó ní pálọ̀. Àbúrò bàbá mi wà lórí fóònù láti ìlú òyìnbó, a gbé e sórí tábìlì, a jẹ́ kó ké sókè. Èmi ni mo dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Mo ní Bàbá Àkànbí náà kì í ṣe ọmọdé, mo ní ilé kan wà ní ọ̀nà Ajah tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, wọ́n ní nọ́ọ̀sì, wọ́n ní jẹnẹrétọ̀. Mo ní kí a gbé Ìyá lọ síbẹ̀. Àbúrò bàbá mi ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Àwọn yòókù ń mi orí. Bàbá Àkànbí kò mi tirẹ̀. Ó wo aago ògiri, ó dìde.

"Ẹ jókòó, Bàbá," mo ní. "A ò tíì parí."

"Ẹ máa parí rẹ̀. Aago méjì ti lù. Mo fẹ́ lọ yí i."

"Ta ló fẹ́ yí kí ni?" fóònù bèèrè.

Mo tẹ̀lé e láti lọ pè é padà. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ti ki ọwọ́ kan sábẹ́ èjìká Ìyá, ó ń mí helehele. Mo rí i pé kò lè dá a ṣe mọ́ bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, pé ó ti ń fi agídí ṣe é. Ó gbọ́ mi, kò wẹ̀yìn.

"Yálà kí o dúró síbẹ̀ yẹn, tàbí kí o wá di itan rẹ̀ mú."

Mo bọ́ bàtà. Mo wá.

"Ta ló bá ọ wọlé?" Eyínfúnjowó bèèrè.

"Àjàní ni."

"Ṣé ó mọ̀ ọ́n?"

"Kò mọ̀ ọ́n."

A yí i. Ó fúyẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Mo ti fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀ nígbà tí Bàbá Àkànbí gbá mi lọ́wọ́. Ó ní kí n gbé tìmùtìmù sáàárín orúnkún rẹ̀ kí egungun má bàa lu egungun. Lẹ́yìn náà ló ní kí n da omi abọ́ yẹn nù, kí n bu èyí tó lọ́wọ́ọ́rọ́ wá. Mo lọ, mo dà á nù, mo bu òmíràn. Ní pálọ̀, fóònù ń bèèrè bóyá a ṣì wà níbẹ̀.

Nígbà tí mo gbé omi dé, Bàbá Àkànbí ti jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì láti sinmi, ó ń wo ọwọ́ mi.

"Kọ́ ọ dáadáa," ó ní. "Èmi ló kàn lórí bẹ́ẹ̀dì yìí."